Ohùn Mẹ́rin Nínú Igbó Borneo

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí gbọ́. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, nínú mọ́tò mi, ní parking lot mall tó wà ní Marlborough, lọ́sàn-án gangan. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò sí ibì kankan tí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ti yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà. Ẹ máa rí ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Abímbọ́lá ni gbogbo ará Calgary, ní Canada, mọ̀ ọ́n sí. Òun ló wà lórí PR card rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú, nígbà náà, òun ló wà lórí ìwé ọmọ onílùú tó gbà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ni pásítọ̀ pè nígbà tó so ó pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀. Kànmí ni ọkọ ń jẹ́. Engineer ni, iléeṣẹ́ epo kan ní downtown ló ti ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kó tó mu tíì. Bímbọ́ ló máa ń pe ìyàwó rẹ̀. Ilé wọn wà ní Whitehorn, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wọ train. Wọn ò tíì bímọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni obìnrin náà ń ṣe. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn onímọ̀ ẹyẹ kan gbà á fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ohùn ẹyẹ, èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nínú àwọn igbó ńlá ilẹ̀ Asia. Kó máa gbọ́ wọn ni. Kó máa fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ wọ́n wò, kó sì máa to kálukú sábẹ́ orúkọ tó tọ́ sí i. Basement ilé rẹ̀ ló ti ń ṣe é, pẹ̀lú headphones létí.

Ọ̀gá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ni Dókítà Lim, obìnrin kan tí wọ́n bí ní Malaysia, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní jungle flycatcher, nítorí pé kòkòrò tó bá ń fò lọ ló ń hán jẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tó ti gbẹ, ọ̀fun rẹ̀ funfun, àyà rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Abẹ́ òjìji igi ló ń gbé. Kì í jáde síta.

"Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kó òun àtàwọn tó jọ ọ́ sínú ilé kan," ni Dókítà Lim wí. "Rhinomyias ni wọ́n sọ ilé náà. Torí pé wọ́n jọra ni o, kò sí ìdí mìíràn. Nígbà tó yá, wọ́n yẹ DNA wọn wò. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n tú ilé náà ká. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ sí ilé mìíràn, Cyornis, ìyókù lọ síbòmíràn. Kò sẹ́ni tó kù ní Rhinomyias mọ́. Orúkọ náà ṣì wà nínú àwọn ìwé àtijọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́yẹ tó ń jẹ́ ẹ."

Dókítà Lim rẹ́rìn-ín. Abímbọ́lá ò lè bá a rín in. Ó ní ṣe ló dà bíi pé èèrà ń rìn lẹ́yìn ọrùn òun.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́. Obìnrin yìí kì í ṣe Abímbọ́lá. Abímbọ́lá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Títílọpẹ́ ni orúkọ tirẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ní Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n yìí ti kọ̀wé gba àyè láti wá kàwé ní Canada. Páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fúnni ní físà. Àìsàn kan wá mú un, wọ́n pè é ní ibà. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni páásípọ́ọ̀tù dé, físà sì wà nínú rẹ̀. Bàbá wọn pe àbúrò wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ojú yín jọra."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Títílọpẹ́ nígbà náà. Láti ọjọ́ tó ti bọ́ sínú ọkọ̀ òfúrufú, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ pàápàá, Abímbọ́lá ló ń pè é lórí fóònù. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹnìkan lè máa gbọ́. Kànmí ò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kìíní. Òtútù ìta jẹ́ minus thirty-one. Snow ti bo fèrèsé basement dé ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé sì funfun bí omi ìrẹsì. Ó ti gbọ́ fáìlì mẹ́rìndínlógún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní 1987, nínú igbó kan ní Borneo, erékùṣù tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti Malaysia. Wọn ò tíì bí obìnrin náà nígbà yẹn. Wọn ò tíì bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá. Ọkùnrin kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dárúkọ oṣù, ó dárúkọ ọjọ́, ó ní òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ó dákẹ́. Omi ń kán láti orí ewé. Kòkòrò ń dún lọ ṣìnnnrìn.

Ẹyẹ kan wá dún.

Ohùn mẹ́rin péré. Òkè, òkè, àárín, òkè.

Ó yọ headphones. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àga tí wọ́n ń ká aṣọ lé nìkan ló wà níbẹ̀. Ó tún gbé e sétí, ó dá a padà sẹ́yìn.

Mí mí re mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ súfèé rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń súfèé pè é láti ẹ̀yìnkùlé, tí ìyá wọn á máa kígbe pé obìnrin kì í súfèé. Tí-tí-lọ-pẹ́. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún pè. Ẹyẹ yìí náà dákẹ́ díẹ̀. Ó tún pè. Àlàfo tó wà láàárín ìkíní àti ìkejì kì í ṣe ti ẹyẹ. Ó gùn tó ìgbà tí ènìyàn máa fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀."

Ó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà yẹn kì í dákẹ́ o. Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá dá a lójú, á ka orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kalẹ̀ kó o fúnra rẹ mú ọ̀kan. Lọ́jọ́ yìí, ibi orúkọ ṣófo.

Ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí Dókítà Lim. Ìyẹn fèsì lọ́sàn-án: "Ohùn rẹ̀ jọ ti Cyornis. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ irú orin yìí rí. Má tò ó sí ibì kankan ná."

Kò lè jókòó mọ́. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Kànmí fi máa dé ní aago márùn-ún ààbọ̀, ó ti gbọ́ ọ nígbà mọ́kànlá, kò sì tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Kànmí bá a ní basement. Ohùn náà ń jáde síta, torí headphones ti ń ta á létí.

"Kí lò ń gbọ́ báyìí?"

"Iṣẹ́ ni. Ẹyẹ ni."

"Jẹ́ kí n tún un gbọ́."

Kò wù ú. Síbẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kànmí gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ìka lu etí tábìlì.

"Ẹyẹ Yorùbá lèyí, abeg," ó ní. "Ó ń pe ènìyàn."

"Ta ló ń pè?"

"Dúró ná. Títílayọ̀... rárá, ìyẹn máa wálẹ̀ níparí. Èyí lọ sókè." Ó súfèé rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ là. "Títílọpẹ́. Gbọ́ ọ. Títílọpẹ́. Ta ló ń jẹ́ Títílọpẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó ń wá a gan-an ni o," ni Kànmí wí, ó sì gòkè lọ gbé oúnjẹ kaná.

Obìnrin náà sọ fún mi pé ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí òun ti ń retí pé ẹnìkan á pe orúkọ yẹn mọ́ òun lójú. Òun rò pé ọlọ́pàá ni. Òun rò pé ará Ìkìrun kan ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ò rò ó rí pé ọkọ òun ni yóò jẹ́, àti pé á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́rùú, wọ́n ní ìpàdé ní ọ́fíìsì Dókítà Lim. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló dé ibùdó train ní Whitehorn. Oòrùn mú ganrín-ganrín, ṣùgbọ́n kò gbóná rárá. Imú ń dì. Ìyá àgbàlagbà kan láti Punjab dúró nítòsí rẹ̀, ó fi ìborùn wé orí lórí jákẹ́ẹ̀tì òtútù rẹ̀. Àwọn méjì nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì.

Kò kọ́kọ́ bojú wò ó. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, bóyá headphones wà níbẹ̀. Kò sí. Ó tún dún. Mí mí re mí. Ó wá gbójú sókè.

Igi kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì náà tí kò ní ewé kankan lára. Ẹyẹ náà bà lé ẹ̀ka tó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ó jókòó nàró, bí gbogbo irú wọn ti máa ń jókòó. Ọ̀fun funfun. Àyà pupa rẹ́súrẹ́sú. Kò gbọn ìyẹ́. Kò wú ara nítorí òtútù. Ó kàn ń wò ó.

"Ẹyẹ yẹn ti ṣìnà," ni ìyá àgbàlagbà náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń rí i, mà?"

"Ojú mi ò tíì fọ́." Ó ń wo ẹyẹ, ó ń wo obìnrin náà. "Ìwọ ló ń wò."

Ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Train dé, ó dí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi máa lọ, ẹ̀ka igi ṣófo. Ìyá àgbàlagbà ti bá train lọ. Òun ò wọ̀ ọ́.

Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Dókítà Lim níbi tó dúró sí. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí fóònù fi dún.

"Níbo lo ti yà á?"

"Whitehorn. Níbi train."

"Kì í kúrò nínú igbó rẹ̀. Kò lè lo wákàtí kan nínú òtútù yìí." Ohùn Dókítà Lim ti yí padà. "Má lọ síbì kankan. Mò ń bọ̀."

Ó dé ní bí aago méjìlá. Wọ́n yí fẹ́ǹsì ká, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀ nínú snow tó dé orúnkún. Wọn ò rí ẹyẹ, wọn ò rí ìyẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀ka yẹn, snow ti yọ́. Ó yọ́ ní róbótó, bí ẹni gbé abọ́ gbígbóná sọ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀, ó rin gbingbin, èéfín ń rú lára rẹ̀. Dókítà Lim kúnlẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Ó gbóná," ó ní.

Ó tẹrí ba, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Òórùn ẹ̀yìn ilé bàbá mi nìyí. Lẹ́yìn òjò."

Títílọpẹ́ náà kúnlẹ̀, ó gbóòórùn ilẹ̀ náà. Kò sọ irú òórùn tó gbọ́ fún un. Òórùn ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìkìrun ni, níbi tí ìyá wọn máa ń da omi ògì sí.

Dókítà Lim gbọn orúnkún rẹ̀, ó yọ tablet kan nínú àpò. Ó ní dandan ni kí àwọn kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ó kọ ọjọ́, ó kọ wákàtí. Ó dé ibi orúkọ ẹyẹ, ó ronú, ó fò ó.

"Ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Orúkọ rẹ ní kíkún."

Ẹyẹ náà dún lẹ́yìn wọn gan-an. Ó sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà Lim fi yí padà kíá. Kò sí nǹkan kan.

"Orúkọ rẹ," ni Dókítà Lim tún wí, ó ń wo orí igi.

Obìnrin náà ní orúkọ òun gan-an ti dé eyín òun. Ó ní òun rí Kànmí lójú òun, òun rí àwọn oníwèé níbi immigration, òun rí bàbá òun tó ń ti ilẹ̀kùn.

"Abímbọ́lá," ó ní.

Ohun gbogbo dákẹ́. Ó ní òun ò sọ pé ẹyẹ nìkan ló dákẹ́ o. Òun ò gbọ́ mọ́tò lórí títì mọ́. Òun ò gbọ́ afẹ́fẹ́. Ẹnu Dókítà Lim ń mì, kò sí ohùn. Bóyá ó tó ìdajì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyẹ nìkan ni kò padà.

Obìnrin náà délé, ó lọ tààrà sí basement, ó ṣí fáìlì náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ló jẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ní báyìí, ó ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Omi ń kán. Kòkòrò ń dún. Ohùn mẹ́rin tó mọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó dúró dè é títí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, òmíràn dún, láti ọ̀nà jíjìn nínú igbó.

Re mí mí mí.

A-bím-bọ́-lá.

Ó tún dún, ó ti sún mọ́ tòsí díẹ̀. Ó tún dún. Ewé ń fọ́ lábẹ́ ohun kan, ẹyẹ kì í sì í fẹsẹ̀ tẹ ewé. Ìgbà ìkẹyìn, ó dún lẹ́bàá ẹ̀rọ gan-an, ó gba inú etí rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin tó gbà á sílẹ̀ ní 1987 ń mí gúlegúle. Ó wá béèrè ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé, "Ta nìyẹn?"

Ibẹ̀ ló parí sí.

Ó gbé e mọ́ra di Sátidé. Ọ̀sán Sátidé náà, nínú kíṣìnì, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Kànmí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ibà. Kànmí ń mu tíì. Kò dá a dúró, kò bínú. Tíì náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ni mo wá gbé níyàwó?" ó béèrè nígbà tó parí.

"Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo dúró níbẹ̀. Orúkọ tí mo pè ni mò ń bi ọ́. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́, mo pe orúkọ ènìyàn kan. Ta ni mo pè?"

Obìnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì.

Nǹkan kan súfèé lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Re mí mí mí.

Fún ọdún mẹ́rìnlá, ẹnikẹ́ni tó bá ti pe orúkọ yẹn, òun ló ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ yìí, kò jẹ́ ẹ. Kànmí ló dìde.

"Mò ń bọ̀," ni Kànmí wí.

Kò pariwo. Bí ọkọ ṣe máa ń dá ìyàwó rẹ̀ tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ lóhùn ló ṣe sọ ọ́. Slippers ló wọ̀ jáde. Ilẹ̀kùn ṣí, òtútù sì gba orí ilẹ̀ wá mú obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, kò dìde. Ó ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ níta, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Á sọ díẹ̀, á dúró, bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń fèsì, á tún sọ. Kò gbọ́ èsì kankan. Nígbà kan, Kànmí rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹ̀rín náà. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ló gbọ́ ọ mọ.

Ilẹ̀kùn tì. Kànmí wọlé, ó jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀. Snow wà ní èjìká rẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà.

"Ta ni?"

"Kò sẹ́nìkan," ó ní, ó sì mu tíì rẹ̀ tó ti tutù.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Kànmí ò lé e jáde, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà fi iṣẹ́ ẹyẹ sílẹ̀. Dókítà Lim ṣì ní àwọn fọ́tò náà. Ó fi wọ́n han àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta, kálukú sì pe ẹyẹ náà ní orúkọ ọ̀tọ̀. Ó ṣì wà nínú ìwé wọn láìlórúkọ.

Nílé, Kànmí ò pe ìyàwó rẹ̀ ní Bímbọ́ mọ́. Kò sì pè é ní Títílọpẹ́. "Gbọ́," ló máa ń wí, tàbí "Ìwọ." Ó ń ṣe dáadáa sí i, bí ènìyàn ṣe ń ṣe dáadáa sí àlejò.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, tí obìnrin náà bá wà ní basement, ó máa ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ lókè tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ó máa ń gbọ́ ọ tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pe Bímbọ́. Á máa sọ̀rọ̀, á máa dúró. Ìṣísẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbọ́ lórí àjà, ìyẹn ló sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ fa àga kan. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí wọ́n fa èkejì.